Ọ̀dà Pupa Lára Ògiri Mi

Ní ọjọ́ Ẹtì, kí oòrùn tó yọ lókè Olúmọ,
àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba dé pẹ̀lú garawa ọ̀dà.
Wọ́n fa ìlà méjì kọjá ara wọn sára ògiri mi,
wọ́n sì bọ́ sí ilé Sùfíánù.
Wọn ò kí mi.

Dẹ̀húndé ọmọ àbúrò mi ti gbé omi gbígbóná àti kànìnkànìn:
"Bàbá, ẹ jẹ́ kí n fọ̀ ọ́ dànù.
Ọlọ́run là ń sìn, a ò sin káńsù!"
Mo ní, jókòó.
Ọmọ, jókòó ná.

Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mo fi di àsíá mú
ní Láfẹ́nwá, níbi tí ojú irin ti ń wọ afárá odò Ògùn.
Aṣọ pupa kékeré, gígé ara ìborùn àtijọ́,
lọ́wọ́ ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tí ò tíì jẹun àárọ̀,
òun ni ọkọ̀ tó gùn bí àdúgbò ń dúró fún.
Awakọ̀ ò rí ohun tí mò ń rí.
Kò mọ̀ bóyá màlúù ni, bóyá ọmọdé.
Nígbà mìíràn ó bú mi, ó sì dúró.
Mo ṣàṣìṣe lẹ́ẹ̀kan: mo dá a dúró lásán,
ọgbọ̀n ìṣẹ́jú nínú oòrùn ọ̀sán,
nítorí àpò kan tí mo pè ní ènìyàn.
Ó sọ̀ kalẹ̀ wá bi mí léèrè. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni.
Kò fi ọkọ̀ tẹ̀ mí mọ́lẹ̀.

Mo wọ bùbá tí mo fi ń lọ ìsìn,
mo kó rìsíìtì owó ilẹ̀, títí kan èyí tí ikán jẹ létí,
mo gba Pańṣẹ́kẹ́ lọ sí Òkè-Mosàn.
Ọ̀gbẹ́ni Ṣówándé wo ìwé, ó wo àjà,
ó ní nǹkan kékeré kan wà tó lè pa ọ̀dà rẹ́.
Mo mọ nǹkan kékeré náà.
Mo ní, "Ọ̀gá, owó orí ni mo jẹ yín, mo ti san án.
Ọ̀wọ̀ ni mo jẹ yín, ẹ wò mí lórí ìdúró.
N ò rí gbèsè kẹta nínú Ìwé tí mò ń kà."
Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n padà wá lọ́jọ́ Ajé.

Mo délé, àwọn ará ti pé fún àdúrà,
wọ́n sì ti ń jà.
Ìbíwùnmí ní ààwẹ̀ ọjọ́ méje ni.
Aya Ṣótúndé ní ààwẹ̀ kọ́, lọ́yà ni.
Abíọ́nà tó ń pa Sátidé mọ́
ní ọjọ́ Àìkú wa ló mú ọ̀dà wá.

Ìkòkò méjì ni ìyàwó mi gbé kaná,
ọ̀kan lẹ́ran, èkejì ò lẹ́ran
nítorí ẹ̀jẹ́ Ìbíwùnmí. Ṣíbí kan náà la fi bù ú.
Ṣebí abẹ́ àpáta kan ni ìlú púpọ̀ sá sí nígbà ogun,
tí ojú ò jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ béèrè èèwọ̀ ara wọn.
Sùfíánù wọlé lẹ́yìn ìrun àṣálẹ́, ó gbé àga tirẹ̀ dání.
A ṣàdúrà. Ó la ojú rẹ̀ sílẹ̀,
ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì bí ẹni ń gba òjò.

Dẹ̀húndé yọ́ sọ fún mi: "Ta ló tọ̀nà nínú wọn?"
Mo ní, bi mí lọ́la. Kó àwo wọ̀nyẹn.

Òjò rọ̀ lálẹ́ àná. Ọ̀dà ti ń ṣàn díẹ̀díẹ̀,
ó ti fẹ́ dàbí àwọ̀ obì.
N ò fọwọ́ kàn án.
Lọ́jọ́ Ajé màá tún lọ, pẹ̀lú rìsíìtì kan náà.
Ọkọ̀ ojú irin fọn fèrè láti apá Ìbàdàn,
apá mi ọ̀tún sì gbéra fúnra rẹ̀,
bí ẹni pé àsíá ṣì wà níbẹ̀.
N ò lè sọ bóyá pupa ni, tàbí àwọ̀ ewé.